Ibi Tí A Ń Sùn Ni Kí Wọ́n Ti Kà Wá: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Yorùbá Ìlú Kwali

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò tí a jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ Yorùbá ní Kwali,

Mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Bàbá Alága, mo dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá dá sílẹ̀ nípàdé, ìpàdé ló yẹ kí a ti parí ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Àwọn kan ti ń pín ìrẹsì, ẹni tó dá àbá náà sì di máìkì mú bí ẹni tí wọ́n fi ṣe alága ìnáwó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì ṣí i sílẹ̀ kí àwọn èèyàn wa tó wà ní àwọn káńsù míì nínú ilẹ̀ olú-ìlú Abuja, bíi Gwagwalada, Kuje àti Abaji, lè kà á, torí mo gbọ́ pé irú àbá yìí kan náà ń jà rànyìn lọ́dọ̀ tiwọn.

Àbá ọ̀hún ni pé ìgbàkigbà tí ìjọba bá dá ọjọ́ ìkànìyàn tuntun, kí a háyà bọ́ọ̀sì, kí kálukú kó ìyàwó àti ọmọ lọ sílé, kí wọ́n lè kà wá mọ́ ìlú bàbá wa. Wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó láti oṣù tó ń bọ̀. Èmi ò ní dá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi náà ti ṣe é rí. Oṣù Kẹta ọdún 2006 ni. Wọ́n ti kéde pé ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ni kíkà máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo kó ìyàwó, ọmọ méjì àti ọmọṣẹ́ méjì sínú ọkọ̀, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. A gba Abaji dé Lokoja, a gba Kabba, a gba Ọmù-Àrán, a gba Ìlọrin. Ilé bàbá mi tí a dé sí, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa, èèyàn mọ́kànlá la sùn níbẹ̀. Àwọn akànìyàn dé, wọ́n kọ wá sílẹ̀. Inú ìyá mi dùn, ó pa adìyẹ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ti padà sí Kwali.

Bàbá kan tó jẹ́ Gbagyi, ẹ̀yà onílẹ̀ níbí, tó ni ilé tí a ń gbé nígbà náà jókòó síta nígbà tí a sọ̀kalẹ̀. Ó kí wa tán, ó wá fi Hausa sọ fún mi pé àwọn akànìyàn wá síbi yàrá mi o. Wọ́n kànlẹ̀kùn títí, àgádágodo mi ló dá wọn lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣe bí ọdún kan lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Nígbà tí àbájáde jáde, èèyàn 1,406,239 ni wọ́n kà ní gbogbo ilẹ̀ olú-ìlú. Kwali jẹ́ 86,174 nínú ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí iye yẹn níbikíbi, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé 86,180 ló yẹ kó jẹ́. Èmi àti ìyàwó mi, ọmọ méjì, ọmọṣẹ́ méjì. Mẹ́fà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ wọ́n kúrò. Tí ẹ bá wo bí iyàrá wa ṣe pọ̀ tó tí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ní Kwali àti ní gbogbo ìlú tó wà lẹ́bàá títì yìí, ẹ ó mọ̀ pé mẹ́fà tèmi kékeré ni.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé kí ni mẹ́fà fẹ́ ṣe. Òfin ilẹ̀ wa ka iye èèyàn mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò kí wọ́n tó pín owó àpò ìjọba àpapọ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń pín in, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró lórí iye èèyàn. Ìkànìyàn 2006 ni wọ́n sì ṣe kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kò tíì sí òmíràn. Wọ́n fẹ́ ṣe é ní ọdún 2023, wọ́n dá oṣù Kẹta, wọ́n sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ìgbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ ni ìjọba Buhari sọ pé kí wọ́n dá a dúró. Àkọsílẹ̀ tí mo ti yọ ara mi kúrò nínú ẹ̀ nígbà tí àbíkẹ́yìn mi ò tíì wáyé, òun náà ni wọ́n ṣì ń mú jáde lónìí tí àbíkẹ́yìn náà ti ń fá irùngbọ̀n.

Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a ń gbé yìí díẹ̀, torí ó dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń gba títì Abuja sí Lokoja kọjá máa rò pé Kwali ò ju ibi tí ọkọ̀ ti ń dẹsẹ̀ kí wọ́n ra iṣu. Àwa náà tí a ń gbé inú ẹ̀, ẹ̀bá títì là ń mọ̀: ṣọ́ọ̀bù, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé. Ọ̀kadà ni èmi ń tún ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló wà lábẹ́ káńsù wa: Kwali fúnra ẹ̀, Yangoji, Pai, Kilankwa, Dafa, Kundu, Ashara, Gumbo, Wako àti Yebu. Ilẹ̀ tí gbogbo wọn gbà tó bíi 1,200 kìlómítà onígun mẹ́rin. Tí a bá tẹ́ àwọn tí wọ́n kà lọ́dún 2006 sórí ilẹ̀ náà, èèyàn àádọ́rin ó lé díẹ̀ ló máa bọ́ sórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí abúlé kan fi lè wà, kí ẹ gun ọ̀kadà títí kí ẹ tó rí èkejì. Láàárín méjèèjì, oko iṣu, oko àgbàdo, oko ẹ̀gúsí, àti màlúù tó ń sọdá lójú ara ẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀kadà wá fún mi, kí n ṣí i wò, màá sọ irú ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tó ń gbé ẹ̀bá títì, táyà ló máa ń jẹ. Ẹni tó ti inú lọ́hùn-ún wá, eruku pupa á ti dí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí, ṣéènì ẹ̀ á ti gbẹ, ṣọ́ọ̀kì iwájú á ti máa jo. Tó bá di àsìkò òjò, mo máa ń rí èyí tí omi ti wọ ẹ́ńjìnì, torí odò kékeré tó yẹ kí afárá wà lórí ẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kadà gba inú ẹ̀ ni. Irú àwọn odò kéékèèké bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní agbègbè yìí. Odò Usuma tó gba Gwagwalada kọjá ń lọ bá Gurara, Gurara ń lọ bá Odò Ọya. Omi ò mọ ààlà káńsù.

Ó yẹ kí n padà sórí ohun tí mo ń sọ. AMAC, káńsù tí ìgboro Abuja wà lábẹ́ ẹ̀, jẹ́ èèyàn 776,298 nínú ìkànìyàn kan náà. Ìyẹn tó Kwali lọ́nà mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì tó fẹ́ pín ilé ìwòsàn, kànga ẹ̀rọ tàbí olùkọ́, iye yẹn ló máa kọ́kọ́ rí. Kò ní rí ọ̀nà tó jìn láàárín abúlé kan sí èkejì. Kò ní mọ̀ pé ilé ìwòsàn kan ní Wúsè nínú ìgboro, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, àmọ́ aláboyún tó wà lẹ́yìn odò ní apá ibí, ọ̀kadà tí mo tún ṣe lánàá ni ìrètí ẹ̀. Bí èèyàn bá wá kéré lórí ìwé, tó tún fọ́nká sórí ilẹ̀, ìyà méjì ló ń jẹ. Àwa tí a tún ń kó ara wa kúrò lọ́jọ́ ìkànìyàn, ẹ̀kẹta la ń fi kún un.

Ẹ fa ogún náírà yọ nínú àpò yín. Mo mọ̀ pé kò ra nǹkan kan mọ́, kódà ẹni tó ń tọrọ owó lè wò yín tìkà-tẹ̀gbin, àmọ́ ẹ fà á yọ. Iwájú ẹ̀, Murtala Muhammed ni. Òun ló gbé òfin jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976 pé ibí yìí ni olú-ìlú máa wà. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á. Ìgbìmọ̀ tó sì gbà á nímọ̀ràn, adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Àkúrẹ́, ló ṣe alága ẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Yorùbá ò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí.

Ẹ wá yí owó náà padà. Obìnrin tí ẹ rí tó ń mọ ìkòkò yẹn, ọmọ Kwali yìí ni. Ladi Kwali. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1925, àǹtí ẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ bí àwọn obìnrin Gbagyi ṣe máa ń kọ́ ọmọ wọn. Ọwọ́ lásán ló fi ń fa amọ̀ sókè, á máa yí ìkòkò náà po bí ẹni ń jó, á wá ya alángbá àti ejò sí i lára. Ní ọdún 1954, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Suleja, tó ṣì ń jẹ́ Abuja nígbà yẹn kí ìjọba tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹ̀ fún olú-ìlú. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀ lọ sí London, Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1977, ó kú lọ́dún 1984, ó sì bọ́ sórí owó lọ́dún 2007, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé orí owó Nàìjíríà. Gbogbo ibi tó dé láyé, Kwali ni wọ́n ń pè é mọ́ orúkọ. Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ti lo ogún ọdún níbí, a ti kọ́lé, a ti ṣègbéyàwó ọmọ, síbẹ̀ tí wọ́n bá bi wá léèrè níbi àríyá pé níbo là ń gbé, a ó ní "Abuja." Ẹnu wa kì í pe Kwali.

Ṣé ẹ ti kíyè sí àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n ń ru igi lọ sọ́jà? Èjìká ni wọ́n fi ń ru ú. Wọ́n ní orí ni ọba ara, kò yẹ kó máa ru ẹrù. Ìyàwó mi ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹrù náà já.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ ìjọba, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ní Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun, ẹ ní gómìnà, ẹ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ tún ní alága ìjọba ìbílẹ̀. Tí ọ̀kan ò bá gbọ́, ẹ lè ké sí èkejì. Níbí, kò sí gómìnà. Ààrẹ ló ń fi Mínísítà ṣàkóso, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún wa. Sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilẹ̀ olú-ìlú. Aṣojúṣòfin méjì ló wà: ọ̀kan fún AMAC àti Bwari, ọ̀kan fún Abaji, Gwagwalada, Kuje àti Kwali lápapọ̀. Ẹni tí a lè fi ìbò yàn, tí a sì tún lè lọ bá nílé láàárọ̀ kùtùkùtù, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ni, àti alága káńsù. Kò sí ẹlòmíràn. Láti ọdún 1996 tí wọ́n ti dá Kwali àti Bwari sílẹ̀, tí káńsù di mẹ́fà, bó ṣe rí nìyẹn. INEC, àjọ ìdìbò ìjọba àpapọ̀, gan-an ló sì ń ṣètò ìdìbò ẹ̀, kì í ṣe àjọ ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ gómìnà ló máa ń wọlé gbogbo. Àwọn tó wà nílé ń wá irú ẹ̀, wọn ò rí. Àwa ní in, a ò bìkítà. Nígbà ìdìbò káńsù ọdún 2022, mo bi èèyàn mẹ́jọ nínú ìpàdé wa léèrè ibi tí káàdì ìdìbò wọn wà. Márùn-ún nínú wọn, ilé ni káàdì wà. Ẹnìkan ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọ́ọ̀dù tó ń gbé.

Iṣẹ́ tí òfin fi lé káńsù lọ́wọ́ sì ni ohun tí à ń fi ojoojúmọ́ ráhùn lé lórí nínú ìpàdé: ọjà, gáréèjì, pàǹtí, itẹ́ òkú, nọ́ńbà ilé, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti òkú sílẹ̀. Tí ẹ bá rántí bí a ṣe pariwo lórí ibi tí a máa sin olóògbé wa lọ́jọ́ kan, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fún mi. Ẹni tó dá àbá sọ pé tí a ò bá lọ sílé, Yorùbá máa kéré. Ọ̀gá mi, ìwé ìkànìyàn 2006 ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀yà, kò sì béèrè ẹ̀sìn. Ibi tí wọ́n ti rí èèyàn ni wọ́n kà á sí. Kó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa béèrè lọ́jọ́ iwájú, Yorùbá tí wọ́n kà ní Kwali, ṣé Gbagyi ló máa dà ni?

Wọ́n tún ní owó ilé ló máa pọ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó là ń lò nílé lọ́dún? Iléyá, tàbí Kérésì, àti ìsìnkú. Kò pé oṣù kan. Omi tí à ń pọn ní oṣù mọ́kànlá yòókù, ilẹ̀ ta ni? Ọmọ mi tó bá ní ibà lóru, Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ni mo máa gbé e lọ. Nígbà tó le gan-an, Gwagwalada ni a sáré lọ, sí ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì tó wà níbẹ̀.

Èyí tí mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni ti ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Ìyá kan sọ ọ́ tomijé-tomijé: ọmọ tí wọ́n bí ní Kwali, tó gbọ́ Gbagyi ju Yorùbá lọ, tó bá fẹ́ wọ yunifásítì tàbí iṣẹ́ ìjọba, ìlú tí kò gbé rí ló máa lọ gba ìwé. Òótọ́ ni, ó sì dun èmi náà. Tí a bá ti ń ṣe bí àlejò, wọ́n á máa pè wá ní àlejò, òótọ́ nìyẹn pẹ̀lú, àmọ́ mi ò ní tàn yín pé tí a bá jókòó kí wọ́n kà wá, wọ́n máa fún ọmọ wa ní ìwé náà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìwé ìbílẹ̀ ń béèrè ibi tí bàbá bàbá rẹ ti wá. Akànìyàn ń béèrè ẹni tó wà nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn èyí tí wọ́n bi wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi owó bọ́ọ̀sì náà ṣe rèé. Kí a fi apá kan tẹ ìwé pélébé ní Yorùbá àti Hausa tó ń sọ fún àwọn èèyàn wa pé kí wọ́n dúró sílé lọ́sẹ̀ ìkànìyàn. Kí a fi apá kan wọkọ̀ fún àwọn tí káàdì ìdìbò wọn ṣì wà nílé, kí wọ́n lọ yí i padà sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé. Kí àwọn ìyá tí ọmọ wọn ò ní ìwé ọjọ́ ìbí lọ gbà á, mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Kí Bàbá Alága sì kó àwọn àgbà mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n lọ kí Etsu Kwali, ọba ìlú yìí, kí wọ́n sọ pé àwa Yorùbá fẹ́ ṣèrànwọ́ nígbà tí àkókò bá tó.

Ìrànwọ́ wo? Mo ní ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé gbèsè. Oníbàárà tó bá tún ọ̀kadà ṣe tí kò lówó lọ́wọ́, mo máa ń kọ orúkọ ẹ̀, mo sì máa ń kọ abúlé ẹ̀ síwájú ẹ̀, kí n lè mọ ibi tí mo máa wá a lọ. Abúlé tó wà nínú ìwé yẹn ti lé ní ogójì. Gàá Fúlàní wà níbẹ̀, abà tí kò ju ilé mẹ́rin lọ wà níbẹ̀, ibi tí mo ti lọ gba owó mi tí wọ́n fún mi ní iṣu dípò ẹ̀ wà níbẹ̀. Tí akànìyàn bá wá láti ìgboro, tó ń wo fóònù ẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, màá gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, màá sì mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Onímẹkáníìkì méjì míràn nínú ìpàdé wa ti gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Epo nìkan la máa gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Mo tọrọ gáfárà bí ohùn mi bá le níbì kan.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì ọ̀kadà, ẹ̀bá títì, Kwali.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bàbá Akọ̀wé, ọ̀kadà yín ti ṣe tán láti Ọjọ́rú. Owó ṣéènì ṣì kù, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Níbi tí mo ti kọ abúlé yín, mo ronú díẹ̀ bóyá kí n kọ Ìwó. Kwali ni mo kọ.